Sípíkà láptọ́ọ̀pù yín ò dún mọ́ lórí Linux? Ẹ gbìyànjú báyìí

Ẹ má tíì fọ Linux yín dànù o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni sípíkà máa dákẹ́ lójijì, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo kọmáàndì tí wọ́n bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú terminal (ojú ìwé dúdú tí wọ́n ti ń tẹ kọmáàndì), nígbà tó bá yá wọn ò ní mọ èyí tó tún bà á jẹ́ sí i mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí ohùn ti já. App ló máa gbé ohùn fún PipeWire, ètò tó ń pín ohùn káàkiri (tàbí PulseAudio, tí Linux yín bá ti pẹ́), ìyẹn á gbé e fún ALSA tó wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux gangan, ALSA ló wá ń bá sound card, ẹ̀yà ara láptọ́ọ̀pù tó ń gbé ohùn jáde, sọ̀rọ̀.

Ẹ yọ earpiece, kẹ́ ẹ pa Bluetooth, torí ohùn lè máa lọ sínú nǹkan tẹ́ ẹ ti gbàgbé sínú báàgì. Ẹ wá lọ sí Settings, ẹ tẹ Sound, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbi Output. Tó bá jẹ́ HDMI (ihò okùn tẹlifíṣọ̀n) ló wà níbẹ̀, ẹ yí i sí Speakers, ó ṣeé ṣe kó parí síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ Dummy Output lẹ rí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn o, PipeWire ò rí sound card kankan, ẹ fo lọ sísàlẹ̀ níbi tá a ti sọ̀rọ̀ `aplay -l`.

Tí orúkọ sípíkà bá wà níbẹ̀ àmọ́ tí ò dún, ẹ ṣí terminal, kẹ́ ẹ tẹ `alsamixer`. Ẹ tẹ F6 kẹ́ ẹ fi yan sound card yín gangan, torí èyí tó máa ń kọ́kọ́ gbé wá kì í fi gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ hàn. Ẹ wo Master, Speaker àti Headphone, èyí tẹ́ ẹ bá rí MM nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn, ẹ tẹ M kó ṣí, kẹ́ ẹ fi ọfà òkè gbé e sókè. Èyí táwọn èèyàn kì í wò ni Auto-Mute Mode, òun ló ń pa sípíkà tí earpiece bá ti wọlé, tí ihò earpiece bá wá dọ̀tí tàbí tó bà jẹ́, láptọ́ọ̀pù á máa rò pé earpiece ṣì wà níbẹ̀, ẹ yí i sí Disabled. Ẹ fi Esc jáde, kẹ́ ẹ tẹ `speaker-test -c 2 -t wav`, ó yẹ kẹ́ ẹ máa gbọ́ "Front Left", "Front Right". Ctrl+C lẹ máa fi dá a dúró. Tó bá ti dún, `sudo alsactl store` ló máa tọ́jú ẹ̀.

Tí kò bá tíì dún, ẹ tún PipeWire tàn:

`systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber`

Ẹ má fi sudo síwájú ẹ̀ o, tiyín ni, kì í ṣe ti root (alákòóso ẹ̀rọ). Fedora ti ń lo PipeWire láti Fedora 34 lọ́dún 2021, Ubuntu bẹ̀rẹ̀ láti 22.10. Tó bá jẹ́ PulseAudio lẹ ṣì ń lò, `pulseaudio -k` ni.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí Dummy Output. Ẹ tẹ `aplay -l`. Tó bá dárúkọ sound card, PipeWire ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ lo kọmáàndì òkè yẹn. Tí ò bá dárúkọ nǹkan kan, ẹ tẹ `sudo dmesg | grep -i sof`, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń sọ pé òun ò rí firmware. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel tó jáde láìpẹ́, firmware SOF (ètò kékeré tí sound card nílò kó tó ṣiṣẹ́) ni ò sí níbẹ̀: lórí Debian, `firmware-sof-signed` ni kẹ́ ẹ install, lórí Fedora `alsa-sof-firmware`, lórí Arch `sof-firmware`. Kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tún un tàn lẹ́yìn ẹ̀, torí kernel kì í kà á títí ẹ fi máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Tó bá ṣì yarí, ẹ fi Linux tó dé kẹ́yìn sórí flash, kẹ́ ẹ fi tan láptọ́ọ̀pù láì install ẹ̀. Tó bá dún níbẹ̀, kernel yín ló ti gbó tàbí settings yín ló dàrú, sípíkà ò ṣe nǹkan kan. Tí ò bá dún lórí ìyẹn náà, tí `aplay -l` sì ń rí sound card dáadáa, ìgbà yẹn lẹ tó lè gbé e lọ fún ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe.