Bí a ṣe ń la ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín fún ìyá tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kékeré

Kì í ṣe àìfẹ́ràn ọmọ ló ń dá ìyá dúró tí kò fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Kò mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà jìn, kò sẹ́ni tó máa bá a mójú tó àwọn ọmọ yòókù, ọjọ́ tí kò bá sì lọ síbi iṣẹ́, owó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Ìwàásù kò lè mú ìkankan nínú wọn kúrò. Òṣìṣẹ́ ìlera, aládùúgbò tàbí mọ̀lẹ́bí tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, àwọn ìdènà yìí gan-an ni kó dojú kọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìgbà oyún

Oyún máa ń mú kí erìgì tètè wú, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀ tí a bá ń fọ eyín. Ọ̀pọ̀ aboyún ló rò pé àwọn gbọ́dọ̀ fara dà á títí di ìgbà tí wọ́n bá bímọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. A lè yẹ eyín aboyún wò, ká fọ̀ ọ́ mọ́, ká sì dí èyí tó ti ní ihò. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló máa ń rọrùn jù fún un láti dùbúlẹ̀ lórí àga dókítà. Kó ṣáà ti sọ pé òun lóyún. Kòkòrò tó ń ba eyín jẹ́ lè gba inú itọ́ ìyá dé ẹnu ọmọ, nítorí náà ẹni tó tọ́jú ẹnu ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ti ọmọ.

Ẹ jọ wo ẹnu ọmọ

Kí ọmọ tó pé ọdún 1 ló yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà eyín. Ọ̀pọ̀ ìyá á ní, "Ṣebí eyín ọmọdé á ṣáà yọ." Àmọ́ àwọn eyín ẹ̀yìn nínú 20 eyín ọmọdé lè wà lẹ́nu títí ọmọ á fi tó ọdún 10 sí 12. Tí wọ́n bá tètè yọ ọ̀kan, àwọn tó kù lè sún dí àyè eyín àgbà.

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá: "Ìyá wa, ṣé ẹ lè jẹ́ ká jọ wo eyín ọmọ yìí?" Ẹ fi ìka gbé ètè òkè rẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ wo ibi tí eyín ti pàdé erìgì. Ìlà funfun tó dà bí ẹfun níbẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́, fluoride, èròjà tó ń mú kí eyín le, ṣì lè dá a dúró. Bó bá ti pọ́n bí ilẹ̀ tàbí tó ti ní ihò, kó má pẹ́ rárá. Tí ojú ọmọ bá wú tàbí tí ibà bá wà pẹ̀lú eyín dídùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ẹ má ṣe bi í pé, "Kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?" Ẹ̀bi ni yóò gbọ́ nínú rẹ̀, ìyá tí a bá sì dá lẹ́bi kì í padà wá. Ẹ béèrè pé, "Kí ló máa ń ṣòro jù tí ẹ bá fẹ́ fọ eyín rẹ̀?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́.

Ẹ mú ìdènà kúrò

Ẹ pe ilé ìtọ́jú náà ṣáájú: èló ni wọ́n ń gbà láti yẹ ọmọ wò, ṣé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà fún ọmọdé tàbí aboyún, ọjọ́ wo ni èrò kì í pọ̀? Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé fún un. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà eyín sábà máa ń gba owó tó kéré.

Tó bá ṣeé ṣe, kí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ rí dókítà eyín bọ́ sí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ìyá àtàwọn ọmọ rẹ̀ jọ rí dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọkọ̀ kan ni wọ́n máa san. Ọjọ́ tó bá jìnnà jù máa ń di ìgbàgbé. Ẹ pe ìyá náà ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó lè dí i lọ́wọ́, nítorí ìgbà yẹn ṣì tó láti wá ẹni tó máa bá a mú ọmọ yòókù dání. Tí kò bá lọ, ẹ tún ọjọ́ mìíràn dá láìbínú.

Lọ́jọ́ náà

Ìyá àti dókítà á jókòó kojú síra, orúnkún wọn á kanra, ọmọ á sì dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ wọn, orí rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ó lè sunkún. Ẹ ti sọ fún ìyá ṣáájú, kí àyà rẹ̀ má bàa já: ẹnu tó là nígbà ẹkún ló ń jẹ́ kí dókítà rí eyín ọmọ. Tí wọ́n bá fi fluoride kun eyín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí ìyá máa fọ eyín ọmọ, alẹ́ kó tó sùn ni kò gbọdọ̀ fò. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ó kéré tán 1000 ppm (ìwọ̀n fluoride inú rẹ̀), ni kó lò. Èyí tí kò wọ́n náà ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ló tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré lẹ́yìn náà. Kí ọmọ tutọ́ rẹ̀ dànù, kó má fi omi yọ ẹnu. Ìyá ni kó máa bá a fọ̀ ọ́ títí di nǹkan bí ọdún 7. Kí ọmọ má sì sùn ti ìgò mílíìkì tàbí omi dídùn lẹ́nu.

Kí wọ́n tó kúrò níwájú dókítà, kí ìyá gba ọjọ́ tó kàn: nǹkan bí oṣù 6, tàbí oṣù 3 tí ìlà funfun bá ti wà.