₦38,000 Lórí Ajá Tí Kì í Ṣe Tèmi

₦38,000 ni mo san kí wọ́n tó rán etí ajá aládùúgbò mi. Èmi fúnra mi ò tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí ara mi rí. Tanímọ̀la, ajá mi, ló fà á ya láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Ayétòrò, l'Óṣogbo, lójú gbogbo àwọn tó wá ra àkàrà. Ohun tó ká mi lára jù ni pé lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú, abẹ́ igi máńgòrò kan náà làwọn méjèèjì jọ sùn sí.

Èmi náà ò mú un jẹ. Ọrùn ajá mi ni mo kì mọ́lẹ̀, ló bá gé mi níka jẹ. Ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ ni mo fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko kí n tó gba ọsibítù lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ọrùn ajá tó ń jà o. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni kí ẹ gbé, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn.

Ìyá Rúkà aláàkàrà ló kọ́kọ́ pariwo: "Bàbá Délé, ajá yín ti ya dìgbòlugi!" Mo wọlé, mo mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde, ọdọọdún ni mò ń gbà á fún un. Ìyá náà wò ó títí, ó ní òun ò mọ̀wé.

Tanímọ̀la kì í bá èèyàn jà. Ajá ilé wa tó dà pọ̀ mọ́ ajá Jámánì (German Shepherd) ni: etí ọ̀tún nà ró ṣánṣán, etí òsì wó sílẹ̀ bí ewé kókò tó ti rọ. Ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni wàhálà, ìyẹn náà kì í ṣe ojoojúmọ́. Lónìí á máa jùrù fún ọ̀kan, lọ́la ó ti kì í mọ́lẹ̀, láìkùn, láìgbó.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ti àìkùn yẹn. Oṣù méjì ṣáájú, mo ti san ₦15,000 fún ọkùnrin kan tó ní òun ń kọ́ ajá. Ó ní tó bá ti ń kùn, kí n fi bẹ́líìtì gbá a nímú. Mo gbá a. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò kùn mọ́. Mò ń yangàn kiri Òkè-Fìà pé ajá mi ti gbọ́n. Kíkùn ni ajá fi ń sọ pé "ẹ sún fún mi". Mo nà án títí tó fi gbé ọ̀rọ̀ jù sílẹ̀, eyín nìkan ló wá kù.

Nígbà tí mo mú Tanímọ̀la dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, òun ló ṣàkíyèsí pé ajá náà ń gbọn orí. Bó ṣe ní kóun fọwọ́ kan etí òsì, díẹ̀ ló kù kí ajá gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ wá ìdínu rẹ̀ wá ná."

Ìdínu! Ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ajá lẹ́nu kó má baà lè gé nǹkan jẹ. Mo dé Ọjà Ọba, mo dé Ìgbóna, mo dé Olúòdé. Ẹnì kan ní Olúòdé na ìjánu ẹṣin sí mi. Èyí tí mo rí rà nígbẹ̀yìn, ₦4,000, aláṣọ ni, ó fún ẹnu pọ̀ pátápátá. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n ló fi ń tú ooru síta. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún nínú oòrùn tójú rẹ̀ ti ń yí, ni mo bá yára já a.

Mo gba ọ̀dọ̀ ṣúmékà lọ ní Old Garage. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, Tanímọ̀la fẹsẹ̀ yọ ọ́ kó tó dé géètì. Ìkejì, mo fi téèpù télọ̀ wọn ẹnu rẹ̀ fúnra mi, mo sì ń fọ́nnu pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àṣé ẹnu tó pa dé ni mo wọ̀n. Ìgbà tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tẹ́nu là gbàgà, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìkẹta ló dára: awọ tín-ín-rín tó hun bí àgò adìyẹ, ajá lè yọ ahọ́n, ó lè mu omi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ₦13,500 àti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo tún fi ọjọ́ mẹ́fà máa fi ẹ̀dọ̀ màlúù sínú rẹ̀ kó tó gbà kí n so ó.

A padà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wo ìdínu mi, ó ní, "Ẹ ṣe dáadáa o, bàbá. Báńdéèjì la fi ń di ẹnu àwọn yòókù." Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Etí òsì Tanímọ̀la ti jẹrà nísàlẹ̀. Ihò etí ajá kì í lọ tààrà, ó máa ń lọ sísàlẹ̀ kó tó yà wọnú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí nǹkan kan níta. Ohun tó jáde dúdú, ó ń rùn bí irú tó ti bàjẹ́. Ibẹ̀ lojú mi là: ajá tó bá gba apá òsì wá fimú kàn án ló máa ń kì mọ́lẹ̀. Lábẹ́ máńgòrò, apá ọ̀tún rẹ̀ ni ajá kejì sùn sí.

Ti oògùn kíkán sétí kò ní ìtàn, ọjọ́ 14 ni. Ṣùgbọ́n ìjà ti di bárakú sí i lára, mo sì ń kọ́ ọ látòkèèrè: bó bá ti rí ajá lódìkejì títì, kó tó gbóná, ẹ̀dọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ajá aládùúgbò gba apá òsì bọ̀. Tanímọ̀la dúró, ó kùn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo fà á sẹ́yìn, mo gbé ẹ̀dọ̀ fún un.

Ìyá Rúkà ń wò wá lẹ́yìn agbada. "Bàbá Délé, ajá ń kùn, ẹ wá ń fún un lẹ́ran?"

Mo ní kí ó bá mi di àkàrà ₦500.