Kọ́ọ̀sì tó kọ̀ tí kò parí: ìbéèrè àwọn ṣójà àti ìdáhùn mi

Mámì, ìyẹn ọjà inú bárékè, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kàdúná. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, àmọ́ ẹjọ́ kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹjọ́ bátìrì lọ báyìí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà láàárín oníbàárà mi ló bi mí ní ìwọ̀nyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka kọ́ọ̀sì kan dé ìparí, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè inú ẹ̀, ó kọ "Congratulations" gàdàgbà sójú fóònù. Nígbà tí ọ̀gá wa wo àkọsílẹ̀ ọwọ́ wọn, "Incomplete" ni wọ́n rí níwájú orúkọ mi. Mo tún un ṣe, bákan náà ló rí. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, mi ò rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ọ̀nà tí o gbà jáde ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì báyìí, ìlànà tí wọ́n ń pè ní SCORM ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀dọ̀ ológun gan-an ló ti wá: iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ló wà nídìí ètò ADL tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, tó gbé SCORM jáde, kí ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka kan bá ṣe lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹ̀ka mìíràn. SCORM 1.2 jáde ní 2001, wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní. Tí o bá tẹ "Launch", kọ́ọ̀sì sábà máa ń ṣí nínú wíńdò tiẹ̀, péèjì tí o fi wọlé á sì wà lẹ́yìn. Péèjì ẹ̀yìn yẹn ló ń bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, sọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀sì kàn ń rán an níṣẹ́ ni: ó ti dé ibi báyìí, máàkì ẹ̀ nìyí, ó ti parí. Iṣẹ́ tó kẹ́yìn yìí, ìgbà tí o bá tẹ "Exit" nínú kọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ wọn tó ń rán an. Bí inú rẹ bá dùn sí "Congratulations", tí o fi ìka gbá gbogbo ẹ̀ kúrò lójú fóònù, iṣẹ́ náà ò dé ọ̀dọ̀ sáfà nìyẹn. Bákan náà ló rí tí o bá kọ́kọ́ pa péèjì ẹ̀yìn, tàbí tí o lọ jókòó sórí WhatsApp títí fóònù fi pa á fúnra ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé o lọ jẹun: sáìtì ti yọ ọ́ jáde nítorí pé o ò tẹ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, kọ́ọ̀sì ò mọ̀, ó ń bá eré ẹ̀ lọ.

Má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Wọlé, jẹ́ kó gbé ọ lọ síbi tí o dé, ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, tẹ "Exit" inú kọ́ọ̀sì, kí o sì dúró títí àmì á fi yí padà lórí péèjì ẹ̀yìn. Ya àwòrán ojú fóònù náà kí o tó jáde. Tí o bá rí kọ̀ǹpútà yá, òun ló dáa jù. Lójú tèmi, àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi jù níbí. Ẹni tó kàwé tó yé e, kí ló dé tó máa fèlì torí bó ṣe jáde?

Ìbéèrè: Kọ́ọ̀sì kéékèèké ò yọ mí lẹ́nu. Àwọn tó gùn ni, tí mo bá padà dé, ibi ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń gbé mi lọ.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ibi tí SCORM 1.2 ń kọ ibi tí èèyàn dé sí ò gbà ju lẹ́tà 4,096 lọ. Kọ́ọ̀sì tó gùn, tí ìbéèrè pọ̀ nínú ẹ̀, máa ń kún un dẹ́nu, kò sì ní rántí ibi tí ẹ dé mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó kọ́ọ̀sì pé kó gé e sí méjì mẹ́ta, tàbí kó gbé e sí SCORM 2004 ẹ̀dà kẹrin tó gba 64,000. Títí dìgbà náà, ẹ má jókòó tì í tí iná ò bá dájú.

Ìbéèrè: Àpótí aláwọ̀ eérú kan ló wà níbi tó yẹ kí fídíò wà.

Ìdáhùn: Flash ni, ohun àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ Adobe tó ni ín pa á tì ní 31 December 2020, wọ́n sì dínà ẹ̀ pátápátá ní 12 January 2021. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ má sì gba "Flash Player" kankan sílẹ̀ níbikíbi, kòkòrò kọ̀ǹpútà ló máa ń wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró níbi tó wà. Ó fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì àwọn tó ń lọ pèsè àlàáfíà nílẹ̀ òkèèrè. Páásíwọọ̀dù ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n bá a ṣe é?

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìdánwò fún un. Àmọ́ ohun tí ẹ lè bá a ṣe pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Peace Operations Training Institute ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní ELAP, ọ̀fẹ́ ni fún àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ náà. Kọ́ọ̀sì wọn dà bí ìwé. Èèyàn lè gba PDF ẹ̀ sílẹ̀ kó máa kà á láìsí dátà. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní Kàdúná níbí, ẹ kó o sínú mẹ́mórì káàdì, kí ẹni tó bá ń lọ bá a mú un dání. Ìdánwò ìparí nìkan ló máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ fún, 75% sì ni èèyàn fi ń yege.

Orúkọ ìlú tí ẹ kọ sínú ìbéèrè yín, mo ti yọ ọ́. Ní January 2018, máàpù Strava, áàpù àwọn tó ń sáré, tú àṣírí bárékè àwọn ológun, torí pé àwọn ṣójà gbé fóònù àti aago ọwọ́ dání nígbà tí wọ́n ń sáré. Tí ẹ bá ń ránṣẹ́ sí ọkọ yín, ẹ má fi ibi tó wà kún un.

Ìbéèrè: Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n kọ pé kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀. Mo wọlé lásìkò, n ò bá ẹnì kankan níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ó jọ pé aago New York ni àwọn tó ṣètò kíláàsì náà ń lò. Mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn jẹ́ aago méjì ọ̀sán wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́ta nígbà òtútù, torí wọ́n máa ń yí aago wọn ní March àti November. Àwa kì í yí tiwa. Tí sáìtì náà bá tún ń kọ "Your connection is not private", ẹ kọ́kọ́ wo déètì fóònù yín. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi, déètì ẹ̀ ló ti sá sẹ́yìn lẹ́yìn tí bátìrì kú. Ẹ tan "Automatic date and time", kí ẹ tún sáìtì náà ṣí.