Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn òṣèré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láyé láìpurọ́ mọ́ òkú

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Òṣèré kan á jáde láyé láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán fọ́tò kan ṣoṣo ti wà lórí WhatsApp gbogbo èèyàn, wọ́n á gbé àbẹ́là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á kọ RIP, wọ́n á ní asán layé, tó bá máa fi di ọjọ́ kẹta wọ́n ti gbàgbé. Ẹni tó lo ogójì ọdún lórí ìtàgé o! Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ eré tó kọ́kọ́ gbé e jáde, àìsàn tó pa á àti owó ọsibítù nìkan la máa gbọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ irú ìtàn yìí, mo ti ṣàṣìṣe níbẹ̀ dáadáa, ohun tí àṣìṣe yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé onítọ̀hún ti kú lóòótọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún kan mo rí i nínú gúrúùpù kan pé àgbà òṣèré kan ti lọ, mi ò bi ẹnikẹ́ni, mo jókòó mo kọ ìtàn gígùn, mo tiẹ̀ sunkún díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́, àṣé baba wà nílé wọn tí wọ́n ń jẹ àmàlà. Ọmọ wọn ló pè mí. Kò bú mi rárá, ó kàn ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀", ló bá gbé fóònù fún baba. Ohun tí baba sọ fún mi lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Kódà tó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá àgbà lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Junior Pope, òṣèré Nollywood, ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dà wọ́n sínú odò Ọya ní Anam, ní ìpínlẹ̀ Anambra, ibi tí wọ́n ti lọ ya fíìmù. Wọ́n ní ó ti kú. Nígbà tó yá, Emeka Rollas tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ òṣèré nígbà náà fúnra ẹ̀ gbé e jáde pé ó ti jí padà, inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò pẹ́ ó tún padà wá sọ pé rárá, ó ti kú lóòótọ́. Ààrẹ ẹgbẹ́ nìyẹn o, kì í ṣe ọmọ kan tó ń wá láìkì kiri. Nítorí náà, ẹbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ wọn (tó bá jẹ́ òṣèré Yorùbá, ẹ wo TAMPAN), lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí méjì nínú mẹ́ta yìí bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Orúkọ eré lèèyàn mọ̀, orúkọ ilé ni ìtàn ń fẹ́, ẹ kọ méjèèjì. Baba Suwe ni Babátúndé Omídínà. Fádèyí Olóró ni Òjó Arówóṣáfẹ́. Òrìṣàbùnmi ni Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú. Àmọ́ èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni orúkọ tó jọra, ẹ wo Ọláìyá. Baba Sala ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Adéjùmọ̀ ni orúkọ bàbá wọn, aláwàdà ni wọ́n, ará Iléṣà, wọ́n lọ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Victor Ọláìyá ní tiwọn, fèrè ni wọ́n ń fọn, ọ̀gá ni wọ́n nínú orin highlife, Calabar ni wọ́n bí wọn sí ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì ni wọ́n, wọ́n lọ ní oṣù kejì ọdún 2020. (Iléṣà, Ìjẹ̀ṣà-Ìsù, ẹ rí i pé orúkọ ìlú gan-an tún fẹ́ jọra, bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ da wa láàmú.) Mojí Ọláìyá, òṣèrébìnrin tó kú sí Canada ní oṣù karùn-ún 2017, ọmọ Victor ni, kì í ṣe ọmọ Baba Sala. Tẹ́ ẹ bá pa àwọn mẹ́ta yìí pọ̀, ẹ ti fún ọmọ ọlọ́mọ ní bàbá tuntun nìyẹn.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi rí ibi méjì tó bára mu. Àwọn àgbà wa púpọ̀ ò ní ìwé ìbí, ẹlòmíì sì máa ń dín ọjọ́ orí ẹ̀ kù nítorí iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí Adébáyọ̀ Fálétí papò dà ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2017, ìwé ìròyìn kan ní ẹni ọdún 86 ni wọ́n, òmíràn ní 95. Ìyàtọ̀ ọdún mẹ́sàn-án! Irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀ kẹ́ ẹ sọ pé ẹnu ò kò, ó sàn ju kẹ́ ẹ mú ọ̀kan lọ kẹ́ ẹ wá máa bá ẹbí jà. Ọ̀nà kan tún wà tí mo fi ń yẹ ọdún wò, mo máa ń fi ohun tí mo mọ̀ dájú wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tẹ́nì kan bá wá sọ fún yín pé bàbá òun ti ń ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn ní 1955, ẹ fọgbọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì, bóyá rédíò ló ní lọ́kàn.

Ó kan iṣẹ́ ọwọ́ wọn báyìí, ibí ni kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé ọwọ́ ta ló ti kọ́ṣẹ́, ta ni òun náà kọ́, kí ló sì ṣe tẹ́nì kankan ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká fi Baba Sala ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "aláwàdà ni wọ́n, wọ́n pa wá lẹ́rìn-ín", kò tíì kọ nǹkan kan. Ẹ sọ nípa awò ojú gbàǹgbà yẹn, ẹ sọ nípa aago ńlá tí wọ́n gbé kọ́ àyà bí ẹni tó gbé aago ògiri jáde nílé, kí ọmọ tí ò rí wọn rí lè rí wọn. Ẹ sọ pé olórin ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́, pé Sunny Adé ta gìtá nínú ẹgbẹ́ orin wọn, Federal Rhythm Dandies, kó tó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Ẹ wá sọ ti Ọ̀run Móoru, fíìmù ọdún 1982, tí wọ́n kó owó ńlá lé lórí, tí àwọn olè sì dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò káàkiri kí wọ́n tó rí owó wọn padà, gbèsè wá wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó ìtàn kan lọ́tọ̀, torí ohun tó ṣe wọ́n nígbà náà ló ṣì ń ṣe àwọn tó ń ya fíìmù títí dòní, kásẹ́ẹ̀tì ló kàn di Telegram.

Ẹ tún máa wá ibi tí ìtàn èèyàn méjì mẹ́ta ti so pọ̀. Àwọn tó kú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè jẹ́ pé inú eré kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Jimoh Aliu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àwòrò, ará Òkè-Ìmẹ̀sí, lọ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Òrìṣàbùnmi tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2021, kò tó oṣù mẹ́rin síra wọn. Fádèyí Olóró wá lọ ní oṣù kẹta ọdún 2023. Eré Àrélù ló so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, eré tí Jimoh Aliu ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láwọn ọdún 1980, ẹni tó bá gbọ́njú nígbà yẹn á rántí bí ẹ̀rù ṣe máa ń bà wá tí Fádèyí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀, a ó sá sẹ́yìn àga ṣùgbọ́n a ò ní kúrò ní pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ti ọ̀kan, ẹ dárúkọ àwọn yòókù. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: Òrìṣàbùnmi ti fìgbà kan jẹ́ ìyàwó Àwòrò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti pínyà tipẹ́ kí ikú tó dé, ẹ má lọ kọ ọ́ pé opó kú tẹ̀ lé ọkọ nítorí pé ó dùn létí.

Ẹ má fi ìròyìn nípa ohun tó pa wọ́n ṣáájú. Mo mọ̀ pé òun làwọn èèyàn ń wá kiri, síbẹ̀ ẹ fi í sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ kìkì ohun tí ẹbí bá sọ. Nígbà tí Sound Sultan, olórin, kú sí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2021, gbogbo ibi ló gbà pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ni, ẹbí wá jáde sọ pé irú jẹjẹrẹ mìíràn ni, lymphoma, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà. Oṣù yẹn náà ni Rachel Oniga, òṣèrébìnrin, lọ, ọjọ́ 30, wọ́n ti ní kòrónà ló pa wọ́n, ẹbí ní rárá, àìsàn ọkàn ni. Tí ẹbí ò bá sọ nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ṣàìsàn ráńpẹ́, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ọ̀rọ̀ "ayé ló ṣe é" yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń wò ó nínú àwo omi.

Tí ẹ̀sùn bá ti kan onítọ̀hún rí ńkọ́? Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ dópin. Ọ̀pọ̀ ló rántí pé NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, mú Baba Suwe ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, pé wọ́n ní wọ́n gbé kokéènì mì. Ìdajì tó kù ni wọn kì í sọ: wọ́n tì wọ́n mọ́lé ju ogún ọjọ́ lọ, wọ́n ń ṣọ́ ìgbẹ́ wọn (ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn), wọn ò rí nǹkan kan, kọ́ọ̀tù tú wọn sílẹ̀, ó tún ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 25 náírà fún wọn, kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn wá yí ìyẹn padà. Tẹ́ ẹ bá dúró síbi "wọ́n mú wọn", ẹ ti ba òkú jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa lò gan-an ńkọ́? Ọba ló ń wàjà, ẹ yé sọ pé olórin wàjà. Fún àgbà bí Àgbákò, Charles Olúmọ, tí wọ́n bí ní 1923 tí wọ́n sì lọ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2024 lẹ́ni ọdún 101, ẹ lè ní wọ́n papò dà, wọ́n rèwàlẹ̀ àsà, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má jọ̀kùn, kí wọ́n má jekòló, torí òkú ẹ̀yẹ nìyẹn, jíjẹ mímu ni. Òṣèré Murphy Afọlábí ní tiẹ̀, ó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣe ọjọ́ìbí ọdún 49. Ọ̀fọ̀ ni. Ẹ ò lè máa pòwe ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ẹ sì máa lo "wọn" fún àgbàlagbà, kì í ṣe "ó", bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ipa aláwàdà tàbí olè ni wọ́n máa ń ṣe nínú fíìmù.

Fọ́tò, ẹ wá èyí tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí wọ́n yà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ má gbé e jáde láé, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ẹbí sọ̀rọ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á ti sin ín kíá, ẹ lọ sí fídáù ọjọ́ kẹjọ, ara á ti wálẹ̀ díẹ̀ nígbà náà. Tó bá jẹ́ ìsìn ìdágbére ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gba ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń pín lẹ́nu ọ̀nà, ọjọ́ ìbí àti ilé ìwé sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá sì pè yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé e jáde pé ibì kan ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sókè pátápátá pé ẹ ti tún un ṣe, ẹ má yọ́ ọ yọ.

Èyí tó dáa jù nínú àwọn tí mo kọ, kì í ṣe lẹ́yìn ikú ni mo ti kó ọ̀rọ̀ wọn jọ. Mo máa ń lọ bá àwọn àgbà tó ṣì wà, mo máa ń ra búrẹ́dì àti mílíìkì lọ́wọ́, màá bi wọ́n pé ta ló ń wa lọ́rì nígbà tí ẹgbẹ́ yín ń rìnrìn àjò, ìlú wo ni wọ́n ti jù yín lókò, ta ló fún yín lórúkọ yẹn. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ kó máa gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sí flight mode kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìpè kan ti gé Baba kan mọ́ mi lẹ́nu rí níbi tó dùn jù.