Bí mo ṣe tọpa ìtàn Peugeot 504 kàbíríólẹ́ kan ní Àjàṣẹ́

Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá kan ní ọ̀nà Ouando. Peugeot 504 ni, pupa, irú èyí tí a ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, tí àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, nílẹ̀ Benin) ń pè ní kàbíríólẹ́ bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tà á ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí: "Ẹ̀gbọ́n, V6 ni o. Ti 1975. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe láyé kò ju 977 lọ." Iṣẹ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á gbé fún mi ni pé kí n yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn wò: V6 (ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà tó tò bíi lẹ́tà V), 1975, 977.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, sílíńdà mẹ́rin tó tò lórí ìlà kan ni mo bá. Kò ya ọmọkùnrin náà lẹ́nu rárá. Ó ní V6 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kú, ni wọ́n bá fi òmíràn sí i. Irọ́ kọ́ dandan. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ tiwa, torí láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kaduna, ní Nàìjíríà, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ti ń gba ẹnubodè Ìgólò wọ Àjàṣẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ ká bi léèrè.

Kí n tó fọwọ́ kan irin kankan, mo to ìtàn irú ọkọ̀ yìí sórí abala ìwé kan, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá lè rí i kó má dá a mọ̀. Oṣù kẹta 1969 ni Peugeot gbé kàbíríólẹ́ yìí jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva, òun àti kupé, èkejì rẹ̀ tó ní òrùlé irin. Pininfarina ti Turin, nílẹ̀ Ítálì, ló ya àwòrán rẹ̀, òun náà ló ń kan ara rẹ̀. Wọ́n á wá gbé ara náà lọ sí Sochaux nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ́ńjìnnì sí i. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ jẹ́ cc 1796, nígbà tó yá ó di 1971. Ìwọ̀n inú sílíńdà ni 1971 yẹn o, kì í ṣe ọdún. Mo ti rí ẹni tó kà á lórí ìwé tó sì lọ ń sọ pé ọkọ̀ òun jẹ́ ti 1971. Àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ ínjẹ́ṣọ̀n Kugelfischer ti Jámánì ló ń fún wọn lépo. Ní ìparí 1974 ni V6 gba ipò wọn: 2664, ẹ́ńjìnnì tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ ṣe, tó ń lo kabúrétọ̀ Solex méjì, ọ̀kan ẹlẹ́nu kan, èkejì ẹlẹ́nu méjì. Nígbà tó di 1977, wọ́n yọ V6 kúrò lára kàbíríólẹ́, sílíńdà mẹ́rin padà sípò rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí ní 1983.

Ojú rẹ̀ náà ń yí padà. Ṣáájú ìparí 1974, iná iwájú jẹ́ mẹ́rin, méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, iná ẹ̀yìn sì jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí wọ́n bu pélé fún èèyàn. Láti ìgbà V6, iná iwájú di ẹyọ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, t'ẹ̀yìn náà di odidi kan. Ní ìparí 1979 ni bọ́ńpà wá di ti ike tó ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ara ọkọ̀, jíà sì di márùn-ún.

Ọkọ̀ abẹ́ máńgòrò wa ní iná iwájú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pélé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ní òun dé lẹ́yìn 1974, ẹ̀yìn ní òun ti wà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́.

Àwo irin kékeré tí ilé iṣẹ́ kàn mọ́ inú ilé ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ lọ bá, epo dúdú àti eruku pupa ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tàbí irin ha irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí lẹ́tà orí rẹ̀ kò jìn, ẹ ó kàn ha á nù ni. Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà ni mo fi bò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́ lọ́rà, mo nù ún. Nọ́ńbà ṣáṣí tí wọ́n lù sára irin ọkọ̀ gan-an tún le ju ìyẹn lọ, torí wọ́n ti kun ún lọ́dà léraléra. Ẹfun ni oògùn rẹ̀: ẹ fi ẹfun ra ojú ibẹ̀ wálẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹfun orí pẹrẹsẹ á lọ, èyí tó wọ ojú lílù á kù níbẹ̀, nọ́ńbà á sì funfun gbòò. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ má tàn án lójú kòrókòró. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, mo fi pẹ́ńsù dùbúlẹ̀ kùn ún kí n lè ní ẹ̀dà tí kò ní bá ojú ṣe wàyó. 3 àti 8 ló máa ń da èèyàn rú jù, 1 àti 7 tẹ̀lé wọn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ bá ṣì kọ, ọkọ̀ ẹlòmíràn lẹ ń béèrè ìtàn rẹ̀ yẹn.

Ẹ wo ìṣó tó di àwo náà mú pẹ̀lú. Bí ìṣó bá ń dán nígbà tí irin tó yí i ká ti gbó, ẹnì kan ti tú u rí. Ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn irin tí nọ́ńbà wà, ẹ fọwọ́ pa á: bí wọ́n bá ti gé e wá láti ara ọkọ̀ mìíràn, ojú àlùmọ́ wẹ́ẹ̀dà á máa ta ọwọ́ yín. Tiwa mọ́, ọ̀dà àtijọ́ ṣì wà lórí ìṣó. Ohun tó sì wà lórí àwo ni 504 B02. B ni lẹ́tà kàbíríólẹ́, kupé a máa gbé C; 02 sì bá ẹ́ńjìnnì 1971 lọ, kì í ṣe V6.

Ẹ má retí nọ́ńbà oníbi 17 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VF3 lára ọkọ̀ ìgbà yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìyẹn dé. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà kúkúrú ti àtijọ́ sínú àwọn ibi ìyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì, òfo ni wọ́n máa dá padà fún yín, kò sì túmọ̀ sí pé ọkọ̀ olè ni.

Àwo nìkan kò tó, torí àwo ṣeé gbé láti ara ọkọ̀ kan sí òmíràn. Mo ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà dé orí sìmẹ́ńtì, torí iyanrìn kì í jẹ́ kí ìwọ̀n dúró. A to táyà gún, mo so nọ́ọ̀tì mọ́ òwú, mo jẹ́ kí ó rọ̀ láti àárín gbùngbùn táyà iwájú, mo fi ẹfun sàmì síbi tó kan ilẹ̀, mo ṣe ti ẹ̀yìn bákan náà, mo wá wọn àárín àmì méjèèjì. 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ mítà 2.74, kupé àti kàbíríólẹ́ jẹ́ mítà 2.55. Tiwa fún mi ní 2.55 lápá ọ̀tún, apá òsì sì fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta yàtọ̀, èyí kò tó nǹkan. Bí ìyàtọ̀ apá méjèèjì bá tó sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ béèrè ìjàm̀bá tó ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n 2.55 kò tíì sọ pé kì í ṣe kupé tí wọ́n fi ayùn gé òrùlé rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò ṣòro fún tólíyè (ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe) tó mọṣẹ́, owó sì wà níbẹ̀, torí kupé pọ̀ ju kàbíríólẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì ó lé. Ibi tí òpó ẹ̀yìn kupé ti máa ń wọlé sínú irin ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé òòfà kékeré tí mo fi àsọ wé, mo ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí irin bá wà, ó ń fà. Níbi tí mástíìkì, ìpara tí wọ́n fi ń dí ojú irin, bá nípọn, á já bọ́. Lápá òsì, ó já bọ́ ní ibi kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, nísàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ìpẹtà atẹ́gùn òkun Kútọnu. Ṣùgbọ́n ibi tí òpó ì bá wà mú un ṣinṣin lápá méjèèjì. Mo ká òrùlé aṣọ náà sẹ́yìn, ó wọ ihò rẹ̀, àwọn ihò bóòtù tó di egungun rẹ̀ mú sì yípo dáadáa, kò sí èyí tí wọ́n fi iná lu. Lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn méjèèjì, nọ́ńbà kan wà tí àwọn tó kan ara ọkọ̀ fi ọwọ́ kọ; òun kan náà ló wà lábẹ́ ìdérí bọ́ọ̀tù. Ara kan ṣoṣo ni wọ́n, kì í ṣe àkójọ.

Iná iwájú ló wá kù. Mo tú gíríìlì. Irin tó gbé iná dúró jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná jó mọ́ra, ojú jíjó náà rí gbágungbàgun, ihò iná mẹ́rin àtijọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi páánù bo méjì nínú wọn. Iwájú ló ń purọ́. Àmì V6 tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀tù kò tiẹ̀ gba wàhálà: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi rẹ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ihò kankan nísàlẹ̀.

Fún ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ má wo ẹ́ńjìnnì. Èyí tó wà níbẹ̀ ní kabúrétọ̀, XN1 ni, irú ti 504 akérò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọkọ̀ sókè, páìpù epo méjì ló ń ti táńkì bọ̀ wá síwájú, ọ̀kan ń gbé epo lọ, èkejì ń dá àjẹkù padà, wọ́n sì ti tẹ ẹnu èkejì yìí pa pẹ̀lú púláyà. Ínjẹ́ṣọ̀n Kugelfischer ló nílò páìpù ìpadà yẹn. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kò rò pé ẹnì kan á wo ìsàlẹ̀.

Àwọ̀ náà lọ́rọ̀ sọ. Sáńpépà 800 tí a rẹ sómi ni mo fi fọ ibi kan tó tó èékánná àtàǹpàkò lábẹ́ rọ́bà bọ́ọ̀tù, àwọ̀ sì jáde ní òrùka-òrùka bí àlùbọ́sà tí a gé: pupa, funfun, búlúù rírẹ̀dòdò, eérú, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀. Ibi tí eérú bá ti yọ, ẹ dúró. Lẹ́yìn páálí ilẹ̀kùn, búlúù nìkan ló wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "méjìlá péré ni wọ́n ṣe ní àwọ̀ yìí", ẹ ní kó fi ìwé hàn yín. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ìwé ọkọ̀ ni mo fi sí ìkẹyìn, torí ìwé ló rọrùn jù láti ṣi èèyàn lọ́nà. Káàtì-gíríìsì, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, sọ pé oṣù kẹta 1975 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ jáde sí títì. Ẹ wo orí ìwé: République Populaire du Bénin ló wà níbẹ̀. Orúkọ yẹn kò sí títí di 30 oṣù kọkànlá 1975. Dahomey là ń jẹ́ nígbà náà. Nítorí náà ìwé tí wọ́n tún kọ lẹ́yìn ìgbà ni, kò sì kọjá 1990, nígbà tí orúkọ tún yí padà. Oṣù kẹta 1975 sì lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti fi ọdún díẹ̀ wà á ní òkè òkun. Agbára ẹ́ńjìnnì fún owó orí jẹ́ 11 lórí ìwé náà, iye tó bá 1971 mu. Ti V6 ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá kọ̀wé sí L'Aventure Peugeot, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn ilé iṣẹ́ náà, tí ibi ìkówèésí wọn wà ní Hérimoncourt, láti gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí ọkọ̀. Mo fi ẹ̀dà káàtì-gíríìsì ránṣẹ́, àwòrán àwo, àwòrán nọ́ńbà tí mo fi ẹfun kùn, àti ti ọkọ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ya àwòrán àwo ní òwúrọ̀ lábẹ́ ibòòji. Èyí tí mo yà lọ́sàn-án ń kọ mànàmáná, mo ní láti tún un yà. Èsì bá irin mu: kàbíríólẹ́ B02, tí wọ́n ṣe ní ìparí 1972, modèle 1973.

Ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ọdún modèle Peugeot ń bẹ̀rẹ̀ kí ọdún kàlẹ́ńdà tó parí, èyí ló ń fà á tí òǹkà ìwé kan kì í fi bá ti òmíràn mu: ẹnì kan ń ka oṣù kìíní sí ìkejìlá, ẹnì kejì ń ka modèle. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ lórí ìlà kan.

Òǹkà tí mo fi parí ìwé tí mo kọ fún ẹni tó fẹ́ rà á nìyí. 504 gbogbo ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Kupé ju 20,000 lọ. Kàbíríólẹ́, ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n fi ṣe é, lé díẹ̀ ní 8,000, 977 nínú wọn sì ni V6. Ọkọ̀ ọ̀nà Ouando wà lára àwọn bí 7,000 yòókù. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àǹtí rẹ̀, 404 kàbíríólẹ́ ti àwọn ọdún 1960, tún ṣọ̀wọ́n jù ú lọ: kò tó 4,000. Iye tí wọ́n ṣe ni gbogbo èyí o, kì í ṣe iye tó ṣì ń rìn.

Owó sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n fi rà á. Ohun tí wọ́n ń wá báyìí ni ẹ̀rọ Kugelfischer, iná iwájú mẹ́rin pẹ̀lú irin tó ń gbé wọn dúró, àti búlúù rírẹ̀dòdò. Àmì V6 wà nínú àpò ìwé ọkọ̀, gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.