Ìwé Ìtọ́sọ́nà: Títún Ẹsẹ̀ Mustang Ṣe fún Ìje Drag

Ẹni tó ní Ford Mustang ayé ọdún 1979 sí 1993 la kọ ìwé yìí fún, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Fox body, tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì fẹ́ máa gbé e lọ sí pápá ìje drag ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo èèyàn. Kí ẹ tó náwó lé ẹ́ńjìnì lórí, ẹ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn rí ilẹ̀ dì mú ná. Bí èèyàn bá ń ti mọ́tò tó kú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀, agbára apá rẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan.

Ẹ ka bébà yín kí ẹ tó mú sípánà

Mítà 402 péré ni ìje náà, tààrà, láìsí kọ́nà. Tí ẹ bá sá a tán, wọ́n á fún yín ní bébà kékeré kan. Ẹ má jù ú nù. Ìlà tí wọ́n kọ 60' sí ni àkókò tí ọkọ̀ fi sá ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́, ìyẹn mítà 18 lé díẹ̀. MPH ni eré tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ nígbà tó ń kọjá níparí. Agbára ẹ́ńjìnì ló máa ń hàn nínú MPH. Ẹsẹ̀ mọ́tò, ìyẹn ṣọ́kì, sípíríǹgì àti irin tó gbé táyà, pẹ̀lú táyà fúnra rẹ̀ ló máa ń hàn nínú 60'. Tí MPH bá dára, àmọ́ tí 60' ń kọjá ìṣẹ́jú àáyá 2, ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí mọ̀ pé tí ẹ bá dín 60' kù ní ìṣẹ́jú àáyá 0.1, ó sábà máa ń di 0.15 sí 0.2 kó tó dé òpin.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ ṣọ́kì, sípíríǹgì àti afẹ́fẹ́ táyà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́ àti èyí tó dá a dúró.

Ìwúwo tó ń lọ sẹ́yìn

Bí ọkọ̀ bá ta síwájú, díẹ̀ nínú ìwúwo iwájú á ṣí lọ sórí táyà ẹ̀yìn. Ká ní ọkọ̀ wúwo tó kílò 1,500, táyà iwájú ru 855, tẹ̀yìn ru 645. Mítà 2.55 ló wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn Fox. Ká tún ní ojúkò ìwúwo rẹ̀ ga ní ìdajì mítà, kí ipá tó fi ń ta síwájú sì jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá òòfà ilẹ̀. Ẹ fi 1,500 lọ́nà 0.8 lọ́nà 0.5, kí ẹ fi 2.55 pín in: ó lé ní kílò 235 díẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tó ń ru 645 ti ń ru bíi 880 báyìí.

Ẹ tún ìṣirò yẹn wò. Kò sí sípíríǹgì nínú rẹ̀. Sípíríǹgì tó rọ̀ kì í sọ kílò 235 di 400. Ohun tí ẹsẹ̀ mọ́tò lè ṣe ni pé kí ìwúwo náà tètè dé ẹ̀yìn, kí ó sì bà lé táyà láìta á sókè padà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn bí àwọn èèyàn ṣe máa ń yọ̀ pé ìdí ọkọ̀ àwọn ń jókòó sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣí. Ìdí ọkọ̀ lè jókòó sílẹ̀ kí táyà sì máa yí lórí òfo.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Apá irin mẹ́rin ló so ásù ẹ̀yìn, ìyẹn irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, mọ́ ara ọkọ̀ yìí: méjì nísàlẹ̀, méjì lókè tí wọn ò gbé ní tààrà. Búṣìnì rọ́bà ló wà létí wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Bí ẹ bá tẹná, rọ́bà á lọ́, á tú, á tún lọ́, ásù á wá máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lábẹ́ ọkọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń ṣẹ́ irin ásù.

Ẹ pààrọ̀ apá ìsàlẹ̀ méjèèjì sí èyí tí irin rẹ̀ di yípo, tí búṣìnì rẹ̀ sì le, torí irin títẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ lápá kan ni ti ilé iṣẹ́. Àmọ́ nípa apá òkè, ẹ ṣọ́ra. Àwọn tó ń tà á máa ń kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ pẹ̀lú búṣìnì líle. Apá òkè gbọ́dọ̀ lè lọ́ bí táyà kan bá gun nǹkan tí èkejì ò gùn. Búṣìnì líle á há a mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì lè yọ̀ dànù lójijì ní kọ́nà. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé nínú ọkọ̀ yìí, rọ́bà tuntun ni kí ó fi sókè.

Bí ẹ bá ti mú kí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ, iwájú apá ìsàlẹ̀ á ti dorí kodò. Irin àfikún tí wọ́n ń dè mọ́ ásù á jẹ́ kí ẹ lè sọ ẹ̀yìn apá náà kalẹ̀, kí iwájú rẹ̀ lè gbé orí sókè padà. Nígbà náà, bí ásù bá ń ti ọkọ̀ síwájú, yóò tún máa gbé ara ọkọ̀ sókè, yóò sì máa tẹ táyà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo imú ásù níbi tí pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sẹ́yìn, ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tẹná, agbára ẹ́ńjìnì á gbé imú yẹn sókè, torí náà ẹ jẹ́ kó dorí kodò ní dígírì 1 sí 2 sí pùròpẹ́là. Tí rọ́bà bá pọ̀ níbẹ̀, ó lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yíyí pùròpẹ́là tún máa ń mú kí táyà ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún fúyẹ́. Ẹ lọ wo ojú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí: tí àmì dúdú ọwọ́ òsì bá nípọn, tí tọ̀tún sì fẹ́lẹ́, ohun tó fà á nìyẹn. Báàgì afẹ́fẹ́ kékeré tí wọ́n ń kì sínú sípíríǹgì ọ̀tún kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá ìdúróṣinṣin ẹ̀yìn (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́) tí wọ́n ṣe fún ìje ló dára jù, tí owó bá wà.

Iwájú àti táyà

Ní pápá nìkan, ẹ lè tú ọ̀pá ìdúróṣinṣin iwájú kí imú ọkọ̀ lè tètè gbéra. Ṣọ́kì tó ṣeé yí ló yẹ ẹni tó ń fi ọkọ̀ rìn lójoojúmọ́: ẹ yí i kó rọ̀ fún ìje, ẹ yí i kó le padà fún ọ̀nà. Gbígbé bátìrì lọ sínú bùtù lápá ọ̀tún náà ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ òfin NHRA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìje drag ní Amẹ́ríkà, fẹ́ kí bọ́tìnì tó ń pa iná bátìrì wà lẹ́yìn ọkọ̀, níta.

Drag radial, táyà rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìje drag àmọ́ tó ṣeé gbé rìn lójú títì, ni táyà tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ń fi afẹ́fẹ́ psi 15 sí 20 sí i ní pápá. Tí ẹ̀gbẹ́ àmì táyà bá dúdú tí àárín sì ṣófo, afẹ́fẹ́ ti kéré jù. Tó bá jẹ́ àárín nìkan ló dúdú, ó ti pọ̀ jù. Ẹ yà fún omi tí wọ́n dà sílẹ̀ kí ẹ tó dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má wọ inú rẹ̀, torí ojú táyà tó ní ìlà máa ń gbé omi wọ abẹ́ fẹ́ńdà, omi náà á sì máa kán sórí táyà nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí.

NHRA fẹ́ àṣíborí fún ọkọ̀ tó bá sá ìje náà ní ìṣẹ́jú àáyá 13.99 tàbí tó yá jù bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ irin ààbò lórí ìjókòó láti 11.49 fún ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ kì í ṣí. Ẹ má ṣe dán ohunkóhun nínú èyí wò lójú títì. Ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò ní pápá, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sí táyà, ẹ de ọ̀pá iwájú, ẹ yí ṣọ́kì kó le padà. Nílé, ẹ gbé ọkọ̀ sórí irin ìdúró, kì í ṣe jáàkì nìkan, kí ẹ tan iná sí ibi tí apá ìsàlẹ̀ ti wọ ara ọkọ̀. Páànù ibẹ̀ tinrin lára Fox, ó sì máa ń ya bí táyà bá ti ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Tí ẹ bá rí i tí ọ̀dà ti ń là tàbí tí bọ́tù ti jẹ ojú ihò rẹ̀ gbòòrò, ẹ má sáré mọ́ títí wẹ́dà á fi jó irin àfikún mọ́ ọn.