Bí a ṣe ń wádìí ipa tí ilẹ̀ àti ibùgbé ń kó nínú ìran alángbá

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran alángbá, nítorí pé èyí tó wà lórí ògiri ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti èyí tó wà lórí àpáta ní Ìgbẹ́tì lè jọ ara wọn bí ìbejì, síbẹ̀ kí jíìnì wọn, ìyẹn ohun àbímọ́ tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ti yàtọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láti orí ilẹ̀ títí dé yàrá àyẹ̀wò. Ilẹ̀ ni mo fi ṣáájú, nítorí ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ yóò ka jíìnì láìmọ ohun tó ń kà.

Ẹ kọ́kọ́ mú irú ẹranko kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe pa alángbá pọ̀ mọ́ ọmọńlé tàbí awọ́nríwọ́n, nítorí ohun tó dí ọ̀nà fún ọ̀kan lè jẹ́ ilé fún èkejì. Alángbá olórí pupa ti àdúgbò wa ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ níbí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé. Ibí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ ti lo àkókò jù. Kì í ṣe iye kìlómítà tó wà láàárín ibi méjì ló ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe ohun tó wà láàárín wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú ọ̀dàn tí igbó ṣẹ́kù sí díẹ̀díẹ̀, níbi tí ògiri, fẹ́ǹsì àti àpáta ti ń gba oòrùn, tí oko kajú tó ti dí sì ń ṣú biribiri lábẹ́. Alángbá ń wá oòrùn kiri. Fún un, fẹ́ǹsì gígùn jẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ibi tí oòrùn kì í dé, àti odò bí Ọbà nígbà òjò, lè jẹ́ ààlà. Ẹ dúró níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín pé: ṣé alángbá yóò gba ibí kọjá?

Ohun tó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. Alan Templeton, onímọ̀ nípa jíìnì, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún wo alángbá kan tí wọ́n ń pè ní collared lizard, tó ń gbé orí àpáta gbalasa láàárín igbó. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí iná máa jó ibẹ̀ mọ́, igbó dí, àwọn tó wà lórí àpáta kan kò sì lè dé èkejì mọ́, bí kò tilẹ̀ jìnnà. Wọ́n wá ń bí sí ara wọn títí jíìnì orí àpáta kọ̀ọ̀kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di oríṣi kan. Lọ́dún 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò dáná sun igbó náà, àwọn alángbá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n ń tẹ̀dó sórí àpáta tó ti ṣófo. Àpáta kò yí padà, ilẹ̀ kò sún. Ohun tó wà láàárín nìkan ló yí padà.

Pẹ̀lú àwòrán yẹn lọ́wọ́, ẹ yan ibi tí ẹ ó ti mú wọn. Ẹ rí i dájú pé ibi méjì kan sún mọ́ ara wọn ṣùgbọ́n tí nǹkan dí wọn, bíi ìhà méjèèjì odò, àti pé ibi méjì mìíràn jìnnà ṣùgbọ́n tí ilé àti ògiri so wọ́n pọ̀, bíi ẹ̀bá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Ogún sí ọgbọ̀n alángbá níbi kọ̀ọ̀kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi àpáta inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́ Ilé kún un, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wọlé.

Ẹ wò wọ́n kí ẹ tó mú wọn. Lẹ́yìn ilé mi, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, akọ kan tí orí rẹ̀ pọ́n bí epo máa ń gun góńgó fẹ́ǹsì, á gbé àyà sókè, á tún bọ̀ ọ́ wálẹ̀, á sì lé akọ mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn. Mo ka abo mẹ́sàn-án nísàlẹ̀ rẹ̀. Akọ kan yìí lè jẹ́ bàbá fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ wọn, nítorí náà iye alángbá tí a kà kì í ṣe iye òbí. Ibi tí ẹyin wà náà ń dá sí i: lọ́dún 1966, ní Dakar, ní Senegal, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Madeleine Charnier rí i pé ẹyin alángbá tó wà nínú ooru 26 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius ń di abo, tí ti 29 sì ń di akọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá iyanrìn ibi tí ẹyin wà wà nínú oòrùn tàbí ní ibòji.

Láti mú wọn, ẹ so okùn ìwọ̀ ẹja tí a ta ní ojóbó mọ́ orí ọ̀pá gígùn, kí ẹ rọra fi kọ́ wọn lọ́rùn. Ẹ fi òwú mímọ́ nu inú ẹnu alángbá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti òwú náà bọ inú ìgò ethanol, ìyẹn ọtí líle tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, tí agbára rẹ̀ tó 95 nínú 100, kí ẹ kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi sára ìgò náà, kí ẹ sì tú alángbá náà sílẹ̀ níbi gan-an tí ẹ ti mú un.

Yàrá àyẹ̀wò yóò dá ìbéèrè méjì lóhùn: báwo ni oríṣi jíìnì ṣe pọ̀ tó níbi kan, àti báwo ni ibi méjì ṣe yàtọ̀ síra. Ẹ ní kí wọ́n ka DNA, ìyẹn ohun tí a fi ṣe jíìnì: èyí tó wà nínú máítókọ́ńdíríà, ẹ̀yà kékeré tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì ara, tí ìyá nìkan ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, àti èyí tó ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá. Bí ti ìyá bá fi ààlà hàn tí èkejì kò fi í hàn, ó ṣeé ṣe kí àwọn akọ máa rìn kí àwọn abo sì jókòó. Bí oríṣi jíìnì bá kéré níbì kan, ẹ rántí pé ó lè jẹ́ pé àwọn díẹ̀ ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjì líle ọdún 2004 gbá àwọn alángbá kúrò ní erékùṣù kéékèèké méje ní Bahamas, àwọn onímọ̀ fi akọ kan àti abo kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2005. Wọ́n pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àmì tọkọtaya àkọ́kọ́ kò parẹ́ lára wọn.

Bí oríṣi jíìnì bá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má tètè yọ̀. Ní Florida, alángbá kékeré kan tó ti Cuba wá ní oríṣi jíìnì ju ti àwọn ará rẹ̀ tó wà ní Cuba lọ, nítorí pé ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé e débẹ̀. Lọ́ọ̀rì tó ń kó pákó, iyanrìn àti mọ́ńgórò wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè gbé ẹyin tàbí alángbá tó sá pamọ́ bákan náà. Nítorí náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù nítòsí ibi tí ẹ ti mú wọn, ẹ bi wọ́n níbo ni wọ́n ti ń kó iyanrìn wá, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ìgò náà.